Ibi tí a Bá Pè ní Orí: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'on' nínú Aáyan Ògbufọ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

1. Ìfáàrà

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń tọ́ka sí ipò tí nǹkan wà, bóyá ni a lè rí èyí tí ó kéré tó 'on' tí ó sì ń da aáyan ògbufọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rú tó o. Lẹ́tà méjì péré ni. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọmọ pé 'on' ni 'lórí'. A ya àwòrán ìwé tí ó wà lórí tábìlì fún un, ọmọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán náà kò purọ́. Ohun tí ó burú ni pé ọgbọ́n kan ṣoṣo yìí ni ọmọ náà gbé dé ilé ẹ̀kọ́ girama, òun náà ni ó sì fi ń tú gbogbo 'on' tí ó bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta yìí, irú èyí tí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́:

(1) Aago náà wà lórí ògiri.
(2) Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ lórí ẹ̀yìn.
(3) Ọjà Akẹ̀sán wà lórí iná.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ láti tú, 'on' wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbólóhùn kẹta ń sọ nípa iná tí ó jó ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn náà láìmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bí i yóò rò pé ńṣe ni wọ́n gbé odidi ọjà ka iná bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀.

Bí irú gbólóhùn wọ̀nyí bá dé iwájú àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wò, ọ̀nà méjì ni a máa ń pín sí. Àwọn kan a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, nítorí pé 'on' wà nínú ìbéèrè, 'lórí' sì wà nínú ìdáhùn. Àwọn kejì, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá aláwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sú, a máa fa ìlà pupa sí gbogbo 'lórí' tí ó bá ti jọ Gẹ̀ẹ́sì lójú wọn, títí kan èyí tí ó tọ̀nà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé apá méjèèjì ni ó ṣì í, àti pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣì í: ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìtumọ̀.

2. Kí ni 'lórí' gan-an?

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé 'ní' àti 'orí' ni ó para pọ̀ di 'lórí', gẹ́gẹ́ bí 'ní' àti 'ara' ti di 'lára', tí 'ní' àti 'ẹnu' sì di 'lẹ́nu'. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpàrójẹ yìí lábẹ́ ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìdí aáyan ògbufọ̀, a máa ń gbàgbé ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé 'ní' nìkan ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn níbẹ̀. 'Orí' jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Orí yìí kan náà ni ó wà lọ́rùn ènìyàn. Òun náà ni ó wà nínú orúkọ ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ ọ́: Ògúnlọlá ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, a sì ń pe ìdí ibùdó rẹ̀ ní Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ó wá di Ògbómọ̀ṣọ́. Orí tí a gbé lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ní ìwé wà 'lórí tábìlì', ohun tí a ń sọ ni pé ó wà ní apá òkè tábìlì, ibi tí ì bá jẹ́ orí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ènìyàn. Kì í ṣe 'on' ni a sọ. Ẹ̀rí tí ó dájú lórí èyí wà nínú àwọn àpẹẹrẹ yìí:

(4) a. Gbé ìwé náà sórí tábìlì.
    b. Ìwé náà wà lórí tábìlì.
    d. Mú ìwé náà lórí tábìlì.

Ní (4a), 'sí' ni a lò, nítorí pé ìwé náà ń lọ síbẹ̀. Ní (4b), 'ní' ni a lò, nítorí pé ó ti wà níbẹ̀. Ẹ wá wo (4d). Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò lọ mú ìwé kúrò níbẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì yóò bá sọ èyí, yóò lo 'from' tàbí 'off', tí ó jẹ́ òdìkejì 'on'. Bẹ́ẹ̀ 'lórí' kan náà ni. Bí 'lórí' bá túmọ̀ sí 'on' lóòótọ́, báwo ni ó ṣe tún lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé 'lórí' kò sọ ju ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń sọ fún wa bóyá nǹkan ń bọ̀ wá síbẹ̀, bóyá ó dúró síbẹ̀, tàbí ó ń kúrò níbẹ̀.

Àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ ti ibi yìí wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó tú 'Put the book on the table' a máa kọ 'Gbé ìwé náà lórí tábìlì'. Kì í ṣe pé gbólóhùn yìí kò dùn létí nìkan. Òdìkejì ohun tí a ní kí ó sọ ni ó sọ. Kò yẹ kí olùyẹ̀wò fojú fo èyí.

3. Orí, ojú, ara, ẹ̀yìn, etí, ẹnu

Bí a bá ti gbà pé orí jẹ́ ọ̀kan péré nínú ẹ̀yà ara tí Yorùbá fi ń wọn ipò, a óò rí i pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ sábẹ́ 'on' ni èdè wa pín káàkiri ara ènìyàn.

Ojú ni a lò fún ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì dojú kọ wá, tàbí ibi tí à ń tọ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, lójú títì, lójú agbo. Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé yóò rí i ní ojú ìwé karùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì lo 'on' fún ọ̀nà àti fún ojú ìwé. Yorùbá kò wá orí fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ara ni a lò fún ohun tí ó lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí ó kọ́ sí i, tàbí tí a ya sí i. Aago wà lára ògiri. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yọ́ tí ń fín igbá ń fín ọnà sára igbá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ọnà wà 'lórí igbá', ọmọrí igbá ni ẹni tí ó gbọ́ yóò máa wò. Ẹ jẹ́ kí a fi aláǹgbá ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń gun ògiri bọ̀, ó wà lára ògiri. Bí ó bá dé òkè téńté tí ó ń mi orí, ó ti wà lórí ògiri. Bí ògiri bá lanu tí ó sì kó wọ ibẹ̀, ó wà nínú ògiri. Ipò mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ọmọ tí ó bá sì fi 'lórí' rọ́pò 'lára' kò ṣe àṣìṣe èdè lásán; ó gbé aláǹgbá kúrò níbi tí ó wà. Ìdí nìyí tí gbólóhùn (1) òkè yìí kò fi tọ̀nà. Aago tí ó bá wà lórí ògiri ti fẹ́ jábọ́.

Ẹ̀yìn ni ó ni ọmọ tí a pọ̀n. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni pé gbólóhùn yìí lè túmọ̀ sí pé ọmọ náà ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, kò sí Yorùbá tí yóò ṣi ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́. 'Lórí ẹ̀yìn' tí ó wà nínú (2) kò yanjú nǹkan kan. Ó kàn mú kí ó dà bí ẹni pé ọmọ náà dúró sókè ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni.

Etí ni ti ohun tí ó ní bèbè: ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó wà 'on' odò, létí odò ni ó wà. Ẹnu ni ti iṣẹ́: ọlọ́pàá tàbí nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà. Ọwọ́ ni ti òrùka, àti ti ọ̀tún òun òsì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó, a kì í wá ẹ̀yà ara kankan kún un: àgbẹ̀ wà lóko, ọmọ jókòó sílẹ̀. A máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 'lórí oko' nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì lo 'on' fún oko. Kò sí àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè fún wa ni èyí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì síwájú Yorùbá ní apá kìíní, Yorùbá síwájú Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì, ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe náà ni ó ṣe. Bákan náà ni T. J. Bowen, ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tí a sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ìwé atúmọ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ kọ ọ̀rọ̀ lójú. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tí ó bá sọ àkójọ ọ̀rọ̀ di òfin gírámà. Nígbà tí R. C. Abraham ṣe ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ ní 1958, ó kó gbólóhùn lóríṣìíríṣìí jọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ni ó yẹ kí a gbà ní kíláàsì.

4. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìṣe ń ṣe

Ohun tí àwọn ìwé ìrànlọ́wọ́ kì í sábà sọ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá ti gbé ipò náà mì. Kò sí ìdí láti tún wá ọ̀rọ̀ atọ́kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ nípa aṣọ ni ó hàn jù. Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé ènìyàn ní fìlà 'on', ó ní bàtà 'on', ó ní ìró àti gèlè 'on'. Yorùbá yóò kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ó wọ̀: ó dé fìlà, ó wọ bàtà, ó ró ìró, ó wé gèlè. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́rin, kò sí 'lórí' kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹrù: ẹni tí ó bá ru ẹrù, orí ni ó wà; ẹni tí ó pọn ọmọ, ẹ̀yìn ni; àyàn tí ó gbé dùndún kọ́ èjìká, 'kọ́' ti sọ bí ìlù náà ṣe wà. Ẹni tí ó gun ẹṣin wà lókè ẹṣin. Ẹni tí ó bá fẹ́ se ọbẹ̀ a gbé ìkòkò ka iná. 'Ka' yìí kan náà ni ó wà nínú 'sọ ẹrù kalẹ̀'.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó yẹ kí a fún ní àyè pàtàkì ni 'lé'. Bí a bá ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó súnmọ́ 'on' jù lọ, 'lé' ni a óò mú, kì í ṣe 'lórí'. A gbé nǹkan lé nǹkan. Ẹni tí ó ń ronú a fọwọ́ lẹ́rán. 'Lé' yìí ni a fi ń ka owó àti ọdún lójoojúmọ́ láìfiyè sí i: ọ̀kànlélógún ni ọ̀kan tí a gbé lé ogún. Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta jẹ Aláàfin láti 1970 títí di 2022; ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ọba Oyèwùmí Ajagungbàdé Kẹta jẹ Ṣọ̀ún láti 1973 títí di 2021, ọdún méjìdínláàádọ́ta. Èyí ni pé a yọ méjì kúrò nínú àádọ́ta. Bí a ti ń lé ni a ń dín.

Láti inú 'lé' yìí ni Yorùbá ti rí ohun tí ó fi ń sọ gbogbo àwọn 'on' tí kò ṣeé fojú rí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ 'depend on', 'rely on' tàbí 'set one's heart on', àwa ní gbára lé, gbẹ́kẹ̀ lé, gbójú lé, gbọ́kàn lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ 'Mo dúró lórí bàbá mi' fún 'I depend on my father' ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ì bá lò wà nílé wọn. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ rí. Ìbéèrè ni kò jẹ́ kí ó rántí rẹ̀, nítorí pé 'on' inú ìbéèrè ti ké sí 'lórí'.

5. Ibi tí ọ̀rọ̀ ipò kò sí rárá

A lè fi ìdajì ìṣẹ́jú kọjá lórí èyí. Ẹni tí ó lọ 'on foot' fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ó ṣe nǹkan 'on purpose' mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tí ó dé 'on time' dé lásìkò. Ẹni tí a ní kí ó 'go on' yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Aláàfin tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wàjà ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 2022. Gẹ̀ẹ́sì yóò fi 'on' síwájú ọjọ́ náà, àwa a fi 'ní' sí i. Ọjà tí ó wà 'on fire' ń jóná ni. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ohun tí ó wà lórí ohun kan. Àṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì sí ohun tí ó kan Yorùbá níbẹ̀ ju ìtumọ̀ rẹ̀ lọ.

6. Àwọn tí ó fẹ́ lé 'lórí' jáde

Ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí lè dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n gbà pé 'lórí' ni ó ń ba Yorùbá òde òní jẹ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó yẹ kí a yẹ ẹjọ́ tí wọ́n pè wò.

Wọ́n ní 'sọ̀rọ̀ lórí' kì í ṣe Yorùbá, pé 'sọ̀rọ̀ nípa' ni ó tọ́. Àwa kò rí ẹ̀rí tí ó gbe èyí. Ìdí kìíní ni pé àwa fúnra wa ni a ń pe àkòrí ní orí-ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ní orí, kí ni ó burú nínú pé ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀? Ìdí kejì ni pé 'lórí' àti 'nípa' kò ṣe iṣẹ́ kan náà. A ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. A ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó ní 'Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa Àdùkẹ́' sọ ohun tí gbogbo wa gbọ́. Bí ìdílé méjì bá sì ń bá ara wọn ṣẹjọ́, a óò ní wọ́n ń jà lórí ilẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀ náà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Bákan náà ni ọba ṣe ń gorí ìtẹ́, tí ó sì ń ní àṣẹ lórí ìlú. Ìwọ̀nyí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Orí ni ó ga jù lára ènìyàn. Ohun tí ó bá jẹ mọ́ agbára àti ohun tí ó bá jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti ní orí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé ni ó nílò sùúrù. 'Lórí rédíò', 'lórí tẹlifíṣàn', 'lórí afẹ́fẹ́', 'lórí fóònù': a gbà pé òjìji Gẹ̀ẹ́sì wà lára gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní tẹlifíṣàn kí ilé iṣẹ́ WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, nítorí náà kò sí ọ̀nà àtijọ́ kan tí 'lórí tẹlifíṣàn' lé kúrò nípò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sọ, wọ́n sì ń sọ, pé àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ 'nínú rédíò', nítorí pé inú àpótí ni ohùn ti ń jáde. Ó dára, ó sì bá ojú tí Yorùbá fi ń wo nǹkan mu. Síbẹ̀ àwọn tí ó ń sọ 'lórí rédíò' pọ̀ ju àwọn tí kò sọ ọ́ lọ lónìí, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí ó rò pé olóòtú ètò jókòó sókè àpótí. Níbi tí ìtumọ̀ kò bá ti yí padà, tí àwùjọ sì ti gba ọ̀rọ̀ wọlé, olùyẹ̀wò kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

7. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùyẹ̀wò

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ àríyànjiyàn lásán, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìdánwò. Ká ní a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí láti tú:

(5) 'On Friday morning my grandmother, with my little brother on her back and a load on her head, set out on foot on the road to Ogbomoso.'

'On' wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì dáhùn báyìí:

(6) a. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá àgbà mi, pẹ̀lú àbúrò mi lórí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹrù lórí orí rẹ̀, jáde lọ lórí ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà sí Ògbómọ̀ṣọ́.
    b. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá àgbà mi pọn àbúrò mi, ó ru ẹrù, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Bí ìlànà ìmáàkì bá to 'on' kọ̀ọ̀kan lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ó sì ní kí a wá 'lórí' nínú ìdáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ kìíní yóò gba máàkì mẹ́rin, èkejì yóò gba òdo lórí ohun kan náà. Wọn yóò ní kò tú 'on her head'. Bẹ́ẹ̀ ó tú u: ẹni tí ó bá ru ẹrù kò lè rù ú síbòmíràn. Ẹ sì wo 'lórí orí' tí akẹ́kọ̀ọ́ kìíní kọ. Orí ní orí, ẹ̀rí tí ó dájú pé ọmọ náà kò mọ̀ mọ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ wà nínú 'lórí'. Ọmọ kejì, tí ó ṣeé ṣe kí ó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ gan-an, ni Yorùbá rẹ̀ yóò wá di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn nínú ìdánwò Yorùbá. Lẹ́yìn ìdánwò kan tàbí méjì, òun náà yóò ti kọ́gbọ́n. Yóò máa kọ èyí tí ń mú máàkì wá. Bí ó bá sì di olùkọ́ lọ́la, òun ni yóò fi kọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Fún àwa olùkọ́, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a jáwọ́ nínú kíkọ ọ̀rọ̀ atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì pátákó, kí a sì kọ ti Yorùbá sí apá ọ̀tún. Dípò èyí, kí a kọ́ ọmọ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tí ó bá pàdé 'on' tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkíní: ṣé ipò ni a tilẹ̀ ń sọ níhìn-ín, àbí àṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì lásán? Ìkejì: bí ó bá jẹ́ ipò, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá tí ó ti sọ ọ́ tán? Ìkẹta: bí kò bá sí, ibo lára nǹkan náà ni, orí, ojú, ara, etí tàbí ẹ̀yìn? Ìkẹrin: ṣé nǹkan náà ti wà níbẹ̀, tí a ó fi lo 'ní', àbí ó ń lọ síbẹ̀, tí a ó fi lo 'sí'? Ọmọ tí ó bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí kò ní í kọ (3) láéláé.

Fún àwọn olùyẹ̀wò, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá pàdé láti fẹnu kò kí ìmáàkì tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ìlànà ìmáàkì má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ ọ̀rọ̀ kan lójú. Kí ó to gbogbo ọ̀nà tí ìtumọ̀ náà lè gbà jáde, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò ronú kàn. Èkejì, kí a yọ máàkì níbi tí 'lórí' bá ti yí ìtumọ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní (1) àti (3), àti nínú 'gbé ìwé lórí tábìlì'. Ẹ̀kẹta, kí a má yọ máàkì níbi tí 'lórí' kò bá yí nǹkan kan padà, ìbáà ṣe pé etí tiwa kò fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ lè tún un ṣe ní kíláàsì. Ìwé ìdánwò kọ́ ni ibi tí a ti ń ja ìjà náà.

Àwọn kan yóò ní irú ìmáàkì báyìí yóò gba àkókò. Òótọ́ ni. Ó yá láti wá 'lórí' nínú ìdáhùn ju kí a ka ìdáhùn lọ. Ṣùgbọ́n èdè ni a ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣirò, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́ èdè láìka ohun tí ó kọ.

8. Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé 'lórí' kì í ṣe ìtumọ̀ 'on', pé ẹ̀yà ara tí Yorùbá fi ń wọn ipò pọ̀ ju orí lọ, àti pé ọ̀rọ̀ ìṣe, pàápàá 'lé', ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń wá ọ̀rọ̀ atọ́kùn fún. A sì ti fi hàn pé 'lórí' ní àyè tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. 'On' nìkan ni a yẹ̀ wò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi 'over', 'under' àti 'behind' ṣì ń dúró de ẹni tí yóò bá wọn ṣe irú iṣẹ́ kan náà, a sì rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti dá sí i.

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí a bá gbé orí lé ohun gbogbo, títí dé ẹsẹ̀, títí dé ẹ̀yìn, títí dé orí pàápàá, a ti fi í tẹlẹ̀ nìyẹn.